Irin Inú Aṣọ Pupa

Bowie, Maryland
2 Oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti fẹ́ já etí èèyàn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Màmá ń kọ́?

Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ẹ ní kí n mú báírò. Mo ti mú un. Èmi Mobáyọ̀ Akínlọ́lá, nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Rubén lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Mẹ́síkò ni, ìlú wọn ń jẹ́ Monterrey. Ó ń gbé ní Seat Pleasant níbí pẹ̀lú bàbá tó bí bàbá rẹ̀, torí pé àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú. Kátólíìkì ni wọ́n. Ó mọ̀ pé tí mo bá ti ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé, èèyàn kì í bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó jẹun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ kékeré.

Oṣù kọkànlá la fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀yin ò bá sọ pé "máa lọ". Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló ń ṣe mí. Ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ni mí, mi ò lè jáde nílé bí ẹni tí wọ́n lé.

Mùíbì tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé ní Temple Hills, tó ń lọ sílé tó ń bọ̀, òun ló mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ fi èsì rán òun náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín tó ń retí,
Mobáyọ̀


Ìkìrun
9 Oṣù Kẹta, 2025

Mobáyọ̀ ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara wa le. Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe fẹ́, èmi náà ń ṣe bí mo ṣe fẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn èèyàn náà ń jẹ ata.

O kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́: "Èmi Mobáyọ̀ Akínlọ́lá." Ta lo rò pé mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ sùn? Mi ò bínú. Òyìnbó ni o, dúdú ni o, kì í ṣe ibẹ̀ ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n a kì í fọmọ fún ilé tí a kò wádìí. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, bàbá mi rán èèyàn méjì lọ sí Ìrágbìjí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀, tí wọ́n ń bi ará àdúgbò bóyá wọ́n ń jà nílé náà, bóyá àrùn kan wà, bóyá ọwọ́ wọn mọ́. Mi ò rí ẹni rán lọ sí Mẹ́síkò. Ìwọ náà ni mo rán.

Lọ wádìí wá. Ta ló tẹ ìlú náà dó? Òkè wo ló yí i ká? Omi wo ni wọ́n ń mu? Kí ni wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣe? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló tóbi jù. Nílé wa níbí, kí a tó bi àlejò lórúkọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Má fi fọ́tò ránṣẹ́ o. Gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò ló ń rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Akínlọ́lá, alágbẹ̀dẹ tí iná rẹ̀ ti kú


Bowie
13 Oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìwádìí o! Ẹ sọ mí di ọmọ ilé-ìwé padà. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ni mo fi jókòó ti Bàbá Anselmo, ìyẹn bàbá àgbà Rubén, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n ń sọ, Rubén ń túmọ̀, èmi ń kọ. Ìbéèrè yín dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó dáhùn.

Apá àríwá Mẹ́síkò ni Monterrey wà, kò jìnnà sí ẹnubodè Amẹ́ríkà. Òkè ló yí i ká, bí ó ṣe yí Ìkìrun ká, ṣùgbọ́n tiwọn ga ju tiwa lọ (ẹ má bínú). Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, gàárì ẹṣin ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí pé àárín orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Òmíràn wà tí wọ́n fi fìlà bíṣọ́ọ̀bù sọ. Mo mọ̀ pé ìyẹn á dùn mọ́ ẹ̀yin ọmọ Áńgílíkà. Oòrùn ibẹ̀ mú, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Odò kan là á já, Santa Catarina lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Òkúta àti koríko ló kún inú rẹ̀, tí afárá ńláńlá sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Diego de Montemayor ló tẹ̀ ẹ́ dó, òun àti ìdílé méjìlá, ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, ọdún 1596, létí ìsun omi kan tí wọ́n ń pè ní Santa Lucía. Bàbá Anselmo ò fi pamọ́ pé àwọn kan ti wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú. Wọ́n ní àwọn yẹn gan-an ni onílẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ wọn sára òkúta. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tú. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dúró.

Ní ti iṣẹ́, ọdún 1890 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ bíà sílẹ̀. Bíà ń fẹ́ ìgò, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìgò. Ìgò ń fẹ́ ìdérí àti páálí, wọ́n dá ìyẹn náà. Nígbà tó di 1900, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin sílẹ̀. Ìléru ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ojú irin tí rélùwéè ń gbà. Bàbá Anselmo ní ìwé kíkà wà níbòmíràn, orin wà níbòmíràn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ pé iṣẹ́, ará Monterrey ló ń dìde.

Ẹ sọ fún Màmá pé ata àwọn èèyàn yìí pa mí lẹ́kún. Ọmọ ewúrẹ́ ni oúnjẹ ìlú wọn, odindi ni wọ́n ń sun ún lórí ẹ̀yín iná.

Alárinà yín,
Mobáyọ̀


Ìkìrun
11 Oṣù Karùn-ún, 2025

Mobáyọ̀,

O ṣeun, o kú iṣẹ́. Ìyá rẹ ti ka ibi ewúrẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kò sí ohun tó burú lára wọn mọ́.

Èmi ò tíì débẹ̀. Ìlú tó ní afárá tí kò ní omi! Ẹni tó kọ́ ilé sílẹ̀ de aya tí kò tíì fẹ́ ni wọ́n. Wádìí ìyẹn fún mi dáadáa. Ti pé ìlú náà tú lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn yé mi, kò ya ilé wa lẹ́nu. Àbíkú ni. Kí ni wọ́n fi dá a dúró lẹ́ẹ̀kẹta? Nǹkan kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣe, o bẹ̀rẹ̀ dáadáa, o wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ìléru bí ẹni tí iná fẹ́ jó. Ṣé iná náà ṣì ń jó lónìí? Ọmọkùnrin tìrẹ yìí gan-an, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Lẹ́tà méjì lo ti kọ, o ò dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Mobáyọ̀, èmi ni mo bí ọ. Bí o bá ti ń fi nǹkan pamọ́, ọ̀rọ̀ rẹ máa ń gùn.

Bàbá rẹ,
Akínlọ́lá


Bowie
15 Oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Ọwọ́ yín tẹ̀ mí. Mo fi í pamọ́ lóòótọ́.

Iná náà ti kú. Oṣù karùn-ún ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ irin ọ̀hún kógbá sílé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì di aláìníṣẹ́. Ọdún 1968 tí wọ́n tan ìléru kẹta ni Bàbá Anselmo wọ iṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró níwájú iná yẹn. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, wọn ò sunkún, àmọ́ wọ́n ní kí Rubén lọ bá àwọn bu kọfí wá, ife kọfí sì wà níwájú wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí yín, ẹ̀yin tí mo mọ̀ pé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín ní ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo.

Wọn ò wó o o. Ọgbà ìgbafẹ́ ni ibẹ̀ lónìí, àwọn ọmọdé ń sáré káàkiri abẹ́ irin, ìléru kẹta sì dúró gbọnin láàárín ọgbà tí gbogbo ayé ń wá wò. Bàbá Anselmo ní, "Ìlú mìíràn ì bá ti gé e tà. Àwa gbé e dúró kí ọmọ wa lè gbójú sókè wò ó." Ẹ̀ bá rí bí wọ́n ṣe na ọrùn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́!

Ní ti afárá: odò yẹn máa ń sùn ni, kì í kú. Ní 1909 ó jí, ó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Ní 2010 ó tún jí, ó ya títì ńlá ńlá dànù. Wọ́n ní àjèjì ló ń fi afárá àwọn rẹ́rìn-ín.

Rubén. Wẹ́dà ni. Ó ń jó irin níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ rélùwéè ṣe. Mo rò pé ẹ máa sọ pé nọ́ọ̀sì tó kàwé dé Amẹ́ríkà, wẹ́dà ló lọ fẹ́. Ìyẹn ni mò ń sá fún. Ojú ń tì mí, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ rẹ̀ o, nítorí pé mo fi í pamọ́ fún yín.

Ó kù sọ́wọ́ yín.

Mobáyọ̀


Bowie
27 Oṣù Keje, 2025

Bàbá mi,

Mùíbì ti lọ, ó ti bọ̀. Ó ní òun fi lẹ́tà lé yín lọ́wọ́, pé ẹ gbà á, ẹ wọlé, ẹ ò sì jáde mọ́. Mo pe fóònù, Màmá ní ẹ ti lọ sùn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni lọ́dọ̀ yín. Láti ìgbà wo lẹ ti ń sùn ní aago mẹ́rin?

Bó bá jẹ́ wẹ́dà yẹn ni, ẹ bú mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó kéré. Ẹ bú mi kí n gbọ́, Bàbá. Ìdákẹ́ yìí ni mi ò lè gbé. Alùfáà ń béèrè déètì lọ́wọ́ wa, mi ò sì mọ ohun tí n ó sọ.

Ọmọ yín ṣì ni mí,
Mobáyọ̀


Ìkìrun
10 Oṣù Kẹjọ, 2025

Mobáyọ̀,

Mo fẹ́ dákẹ́ ni, ìyá rẹ ò gbà. Ó ní tí mi ò bá kọ ọ́, òun á kọ ọ́, òun ò sì ní fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́.

Wẹ́dà kọ́. Ìwọ gan-an mọ̀ pé wẹ́dà kọ́. Ẹni tó ń jó irin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwa àti òun. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: kí ni mo ṣe fún bàbá àgbà yẹn? Mùíbì mú lẹ́tà rẹ wá, ó mú ẹrù kan tẹ̀ lé e, ó ní bàbá náà ló fi rán òun sí mi. Mo tú u. Irin ni. Irin tútù, ó tó ìkúùkù ọwọ́ mi, aṣọ pupa ni wọ́n sì fi dì í. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí ìkíni.

Ṣé o ti di òyìnbó débi pé o ò mọ àrokò mọ́ ni? Bàbá mi kọ́ mi kí n tó mọ ABD. Aṣọ pupa, ìjà ni. Irin, ìbúra ni. Ẹni tó fi méjèèjì ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, ó ní òun àti ẹni náà ti parí. Ó wá tún jẹ́ irin tútù! O ti sọ fún wọn pé iná ilé wa ti kú, wọ́n wá rí ohun fi bú mi. Èmi Akínlọ́lá, tí bàbá mi rọ ọkọ́ fún ìlú mẹ́ta!

Tí wọn ò bá fẹ́ wa, kí wọ́n fẹnu sọ ọ́. Mo ti gbé nǹkan wọn sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kí Mùíbì wá gbé e padà.

Bàbá rẹ


Bowie
24 Oṣù Kẹjọ, 2025

Yéè! Bàbá mi!

Mo ka lẹ́tà yín nínú mọ́tò níwájú ọsibítù, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo pẹ́ síbi iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n fi ohunkóhun ránṣẹ́. Mo fi Olúwa búra. Tààrà ni mo gba ibi iṣẹ́ lọ sí Seat Pleasant. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ fi rán Mùíbì sí bàbá mi?" Ojú tì wọ́n bí ọmọdé.

Bàbá, ẹ fara balẹ̀ kà á. Aṣọ pupa yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìléru ń so mọ́ ọrùn, òun ni wọ́n fi ń nu òógùn, òun ló ń gba iná tó bá ta sí wọn lára. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi dì í. Irin yẹn, òun ló ṣàn gbẹ̀yìn láti inú ìléru kẹta, ní ọjọ́ tí iná rẹ̀ kú. Wọ́n mú un nílẹ̀ nígbà tó tutù, wọ́n kó o sápò. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti ń bá wọn gbé. Ó bá wọn sọdá ẹnubodè. Rubén ní láti kékeré òun, òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi gbé e fún ẹni tí wọn ò rí rí, láìkọ ìwé sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: "Bàbá rẹ béèrè ohun tí a ń fi ọwọ́ wa ṣe. Ta ló lè fi ẹnu sọ ìyẹn? Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, mo ní wọ́n á mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá rí i."

Ìdáhùn ìbéèrè yín ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ lọ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á.

Mobáyọ̀


Ìkìrun
20 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Mobáyọ̀ ọmọ mi,

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró di òní kí n tó kọ̀wé, torí pé òní ni wọ́n tẹ ìlú àwọn àna mi dó. Ẹ kú ọdún o.

Mo ṣi àrokò kà. Àgbà tó bá ṣìṣe, kó sọ pé òun ṣìṣe. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán, mi ò rántí orúnkún, mo sáré dé ìdí kànga. Òjò ti pa á, ó ti dípẹtà díẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e lé itan. Ìyá rẹ jáde wá, ó mú òróró wá fún mi.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ wa ní Òṣogbo pa, èmi náà dúró lẹ́nu géètì. Mi ò mú nǹkan kan bọ̀. Mo dé ilé, mo sọ fún ìyá rẹ pé ìsinmi ni wọ́n fún wa. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde láràárọ̀, tí mò ń lọ jókòó sábẹ́ igi obì lóko títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojú tì mí nítorí iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe. Bàbá Anselmo lọ́hùn-ún mú irin rẹ̀ bọ̀ wálé, ó gbé e pamọ́ bí ẹni gbé ọmọ. Ìlú rẹ̀ náà gbé ìléru dúró. Ó kọ́ mi lọ́gbọ́n, ẹni tí mo bú.

Mo ṣí ilẹ̀kùn àgbẹ̀dẹ bàbá mi. Mi ò lu irin náà. Irin tó ti inú ìléru yọ́ jáde, tí wọn ò tíì tún yọ́, kì í gba òòlù, fífọ́ ló máa fọ́. Ayùn ni mo fi gé e sí méjì, fáìlì ni mo fi họ ọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé nǹkan kan, Mobáyọ̀, kò tíì gbàgbé rárá! Àwòrán owó ẹyọ méjì ni mo fi ṣe, mo kọjú wọn síra, mo fi òwú dì wọ́n, mo sì fi aṣọ pupa wọn wé e. Kí o tó fún wọn, túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n má baà ṣì í kà bíi tèmi: owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ojú wa kò ní kúrò lára ara wa, àwa àti ẹ̀yin ti di ẹbí.

Mo ti mọ ohun tí wọ́n so mọ́ àbíkú yẹn lẹ́sẹ̀ tí kò fi lọ mọ́. Iṣẹ́ ni. Kò sì yẹ kí ìlú tí ọmọ mi ń lọ má ní oríkì, nítorí náà:

Monterrey, ọmọ Òkè Gàárì,
gàárì tí a ò rí ẹṣin rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń gùn.
Ọmọ òkè tó dé fìlà bíṣọ́ọ̀bù láìjoyè.
Àbíkú tó kú lẹ́ẹ̀mejì,
ẹ̀ẹ̀kẹta ó ní òun ò lọ mọ́, òun ti ríṣẹ́ ṣe.
Bíà bí ìgò, ìgò bí ìdérí,
ọmọ ìlú tí iṣẹ́ ń bímọ síṣẹ́.
Má fi afárá wọn rẹ́rìn-ín, àlejò,
odò wọn sùn ni, kò kú.
Ìléru wọn kú, wọn ò sin ín,
wọ́n gbé e dúró, ọmọ ń gbójú sókè wo baba.

Ka á sí wọn létí. Sọ fún wẹ́dà mi pé mo kí i.

Máa lọ, ọmọ mi. Mo ti fọwọ́ sí i.

Bàbá rẹ,
Akínlọ́lá, alágbẹ̀dẹ


Bowie
12 Oṣù Kẹwàá, 2025

Bàbá mi,

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ kí n tó tú u. Mo ka oríkì náà ní Yorùbá, Rubén kà á ní èdè wọn. Nígbà tó dé ibi ìléru, Bàbá Anselmo ní kó lọ bá àwọn bu kọfí wá.

Wọ́n tú òwú náà, wọ́n fi owó ẹyọ kan kọ́ ọrùn. Ìkejì, wọ́n dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́, wọn ò jẹ́ kí n fi rán Mùíbì sí yín. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni yóò mú un wá sí Ìkìrun lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kí Màmá bá wọn wá ọmọ ewúrẹ́ kan, àwọn ni yóò sun ún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àga súnmọ́ mi, wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú, wọ́n ní ó kan àwọn náà báyìí, wọn kì í fọmọ fún ilé tí wọn ò wádìí. Ta ló tẹ Ìkìrun dó? Òkè wo ló yí i ká? Omi wo ni wọ́n ń mu? Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, mo sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ máa dáhùn èyí tó kù.

Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣe?"

Mo ní kí wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ wọn, kí wọ́n wò ó.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ,
Mobáyọ̀